Òwúrọ̀ Tí A Kò Gbọ́ "Ẹ Ṣé Lánàá"

Títí, fi fèrèsé yẹn sílẹ̀. Mo ní kí o fi í sílẹ̀! Yọ téèpù yẹn kúrò kí ó tó lẹ̀ mọ́ igi. Ní àwọn yàrá yòókù, ẹ lè dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, n kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n fèrèsé ilé ìdáná yìí, ihò kékeré òkè rẹ̀ kò gbọdọ̀ dí, bí yìnyín tilẹ̀ fẹ́ máa bọ́ sínú ọbẹ̀ mi. O fi Jámánì dá mi lóhùn bí ìṣe rẹ, o ní, "Opa, es zieht doch." Mo mọ̀ pé atẹ́gùn ń wọlé. Èmi ni mo fẹ́ kí ó máa wọlé.

Mo rí i bí ẹ̀yin tó kù ti ń wo ara yín lójú. Ẹ ń sọ nínú yín pé bàbá ti darúgbó, kò mọ òtútù yàtọ̀ sí ooru mọ́. Ó dáa, ẹ jókòó. Àwọn kọ́tìnnì ṣì ń yí nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, a ò sì lè fi wọ́n kọ́ kí wọ́n tó jáde. Ẹ mu tíì yín. Ẹ ti ṣe bẹbẹ lónìí, ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ò lọ sílé, ẹ wá tún ilé arúgbó ṣe kí ọdún tó dé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ jẹ́ kí n mú nǹkan sọ̀ kalẹ̀ fún yín lórí pẹpẹ tèmi.

Níhìn-ín ní Jenfeld, ní Hamburg yìí, bí òtútù bá dé, ẹ óò na ọwọ́ sí bọ́tìnì Heizung, ẹ óò yí i, ilé á móoru. Ẹ kò mọ ibi tí ooru ti ń wá. Nígbà tí a wà ní Berlin, orí àtẹ̀gùn ni ooru ti ń wá, ní èjìká ọkùnrin. Nínú yàrá ni ààrò òyìnbó wà, wọ́n fi amọ̀ dídán kọ́ ọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ó dúró sí kọ̀rọ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Èédú tí wọ́n tẹ̀ bíi bíríkì ló ń jẹ. Nínú Keller, lábẹ́ ilé, ni èédú náà ń gbé, àwa sì ń gbé lókè pátápátá, nítorí òkè pátápátá ni wọ́n máa ń fún irú wa. Bí o bá gbé garawa kan gòkè, orúnkún rẹ á ti máa bi ọ́ léèrè ohun tó gbé ọ kúrò ní Ìjẹ̀bú. Láàárọ̀, kí o tó fọ ojú, eérú ni o máa kọ́kọ́ kó. Ìró ọkọ́ eérú lára irin ààrò ni àkùkọ tó ń jí wa. Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ lókè, tìsàlẹ̀ á gbà á, gbogbo ilé á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. N kò tíì gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì máa ń ṣe mí bíi pé kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo bú u nígbà náà.

Èéfín ààrò yìí kò ṣeé fi ẹnu sọ. Kí ọdún tó parí, ògiri á ti yí dà, kọ́tìnnì funfun á ti di aláwọ̀ eérú. Ẹ sì mọ àwa Yorùbá, a kì í gbé ìdọ̀tí ọdún tó ń lọ bọ́ sínú ọdún tuntun. Nílé, wọn a kun ògiri, wọn a sá ẹní àti bẹ́ẹ̀dì sí oòrùn. Ta ni yóò sá bẹ́ẹ̀dì sí oòrùn Berlin ní oṣù Kejìlá? Oòrùn ọ̀hún gan-an ń wá ibi tí yóò ti yáná.

Ìyàwó mi ló rí ọ̀nà àbáyọ, ìyá tó bí ìyá Títí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Màmá Bọ̀sẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Ó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó bá mi níbi tí mo ti ń dá nìkan bá páìpù ààrò jà, ojú mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Bọ̀sẹ̀, ṣé a ti gbàgbé àáró ni?"

Ẹ kò mọ àáró. Àwọn àgbẹ̀ ló ni ín. Lónìí gbogbo wa á lọ sí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, títí á fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀. Ẹni tí a bá ṣiṣẹ́ fún ni yóò fún wa lóúnjẹ, bí a bá pè é náà, yóò wá. Bí a ti sọ àáró oko di àáró ààrò nìyẹn. Láti ìgbà tí ewé bá ti ń já títí di Kérésìmesì, Sátidé kan, ilé kan. Onígbàgbọ́ wà nínú wa, Mùsùlùmí wà, àwọn Aládùúrà tí kì í wọ bàtà nínú aṣọ àdúrà wà. Àwa ọkùnrin á ru èédú, a óò tú páìpù, a óò gbọn ún. Àwọn obìnrin á fọ ògiri, wọ́n á fọ kọ́tìnnì, wọ́n á kó kápẹ́ẹ̀tì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àgbàlá, níbi tí àwọn òyìnbó ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ sí fún un, wọ́n á máa lù ú. Bí Màmá Bọ̀sẹ̀ bá ń lu kápẹ́ẹ̀tì, orin ló máa ń lé sí i, àwọn òyìnbó á sì yọrí lójú fèrèsé. Oúnjẹ wa kò ju ẹ̀wà lọ, àti ẹ̀bà tí a fi Grieß, sẹmó àwọn òyìnbó, tẹ̀, nítorí gàrí ṣọ̀wọ́n bí ojú nígbà yẹn. Ẹ̀bà ọ̀hún kì í dì dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ru èédú kì í ṣàríwísí.

Ọ̀kan nínú wa ń jẹ́ Tùńjí. Alágbára ni, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í pẹ́ ru. Lọ́jọ́ kan, ó fa páìpù yọ kí a tó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Sùtánà funfun onílé, tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n fi kọ́ de ìsìn ọjọ́ kejì, ni gbogbo dúdú èéfín náà tú lé lórí. Arákùnrin náà wo aṣọ rẹ̀, ó wo Tùńjí, ó ní, "Bọ̀dá Tùńjí, kí n wá sọ fún Olúwa pé kí ni?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Tùńjí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó fi aṣọ kọ́ sítòsí ààrò ló jẹ̀bi.

Òfin kan wà nínú àáró wa tí ẹnikẹ́ni kì í rú. Bí a bá tún ilé rẹ ṣe lónìí, lọ́la, kí omi tíì tó hó, o gbọ́dọ̀ pe gbogbo ẹni tó wá, láti orí àgbà dé orí ọmọdé, kí o wí pé, "Ẹ ṣé lánàá." Ìwọ Títí, o ti béèrè lọ́wọ́ mi rí pé kí ló dé tí a fi ń dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì fún nǹkan kan ṣoṣo, ṣé a ti gbàgbé pé a ti dúpẹ́ ni? A kò gbàgbé. Ọpẹ́ ọjọ́ náà, ti ẹnu ni. Ọpẹ́ ọjọ́ kejì ló ń fi hàn pé oore náà sun ilé ẹni, ó sì jí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n ti fi òwe yìí tọ́ wa dàgbà.

Ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, òtútù mú débi pé omi dì sínú páìpù ilé ìwẹ̀. Obìnrin kan wà láàárín wa, Folúkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ní àdúgbò Reinickendorf ní Berlin ló ń gbé. Mufú ọkọ rẹ̀ rí iṣẹ́ sí èbúté Hamburg, ó sì wà lọ́hùn-ún ní Wilhelmsburg, ó kàn máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wálé ni. Folúkẹ́ bí ọmọbìnrin. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, nítorí náà a yí ètò àáró padà, a gbé ilé Folúkẹ́ síwájú kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Mufú ń bọ̀ fún ìkómọ náà, ṣùgbọ́n kò tíì dé.

A ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn o. A kó eérú, a fọ ògiri, a to èédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí ìyá ọmọ má baà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Keller. Nígbà tó kan fèrèsé, gbogbo wa ló dá sí i. Ẹ ṣáà mọ bí a ti ń ṣe ọmọ tuntun nílé wa: atẹ́gùn kò gbọdọ̀ kàn án. Ilé àtijọ́ ni ilé yẹn, igi fèrèsé rẹ̀ ti sún kì, bí o bá gbé ọwọ́ síbẹ̀, o óò mọ òtútù lára. Àwọn obìnrin ya ìró àtijọ́ sí wẹ́wẹ́, àwa fi ọ̀bẹ tì í sínú gbogbo àlàfo, a fi téèpù lé e lẹ́ẹ̀kan, a tún fi lé e lẹ́ẹ̀kejì. Tùńjí fọwọ́ lu igi náà, ó ní, "Èèrà gan-an ò lè gba ibí yìí wọlé." Folúkẹ́ gbé ọmọ mọ́ àyà, ó ń kúnlẹ̀ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Màá pè yín láàárọ̀ o." A wọ bàtà wa, a lọ.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyàwó mi gbé omi tíì kaná. Omi hó. Tẹlifóònù kò dún.

Nígbà náà, tẹlifóònù kì í gbé inú àpò, ara ògiri lọ́nà àbáwọlé ni tiwa wà. Mo rí i tí ìyàwó mi ń kọjá níwájú rẹ̀, tó ń padà. Ó da tíì, kò mu ún. Nígbà tó yá, tẹlifóònù dún, ó sì fò mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Tùńjí ni. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó: "Màmá Bọ̀sẹ̀, ṣé ìyàwó Mufú ti pè yín? Kò pe èmi o! Gbogbo ẹ̀yìn mi ń dùn mí. Ṣé nítorí pé ọkọ rẹ̀ ti di ará Hamburg ni? Aláìmoore ni ọmọ yẹn!"

Ìyàwó mi ní, "Tùńjí, o ti jẹun?"

Ó ní rárá.

Ìyàwó mi ní, "Má jẹun. Wọ aṣọ rẹ, ká pàdé nílé Folúkẹ́."

Ó pe nọ́ńbà Folúkẹ́. Ó ń dún, kò sí ẹni tó gbé e. Ó tún un pè. Mo ní kó rọra, pé abiyamọ lè sùn lọ, ọmọ tuntun kì í jẹ́ kí ènìyàn fojú boorun. Ó yíjú sí mi, ẹ̀rù sì bà mí nígbà tí mo rí ojú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bọ̀sẹ̀, mo mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ yẹn. Bí ó bá lè dìde, á pè. Kò lè dìde ni."

N kò bá a jiyàn. Mo kó ẹsẹ̀ sínú bàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ọjọ́ náà, U-Bahn, ń rìn bí ẹni tó ń lọ sí ilé àna tí kò fẹ́ràn. Ìyàwó mi kò jókòó. Ó di irin mú, ètè rẹ̀ ń mì, mo mọ̀ pé ó ń gbàdúrà. A bá Tùńjí lẹ́nu ọ̀nà ilé Folúkẹ́, ó dé ṣáájú wa, bí ó ti ń bínú ni ó ṣì ń bínú, ó ń wí pé bí a bá gòkè tí a bá a níbi tó ti ń sùn ńkọ́?

A gòkè, a tẹ aago. A kan ilẹ̀kùn. A pe orúkọ rẹ̀. Kò sí ìdáhùn. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ṣí ihò tí wọ́n ń gbà ju lẹ́tà wọlé, ó gbé etí sí i, ó sì na ọwọ́ sí wa pé kí a dákẹ́. Ní ìgbà náà la gbọ́ ọ. Ẹkún ọmọ ni, kékeré, bíi ti ọmọ ológbò, ó ń ke, ó ń dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọ ń sunkún, ìyá rẹ̀ kò sì dáhùn. Mo wo Tùńjí, ìbínú ti kúrò lójú rẹ̀.

Ó sún sẹ́yìn, ó fi èjìká gbá ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kò gbọ́. Ìyá òyìnbó tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ sáré jáde, ó ń pariwo, "Was machen Sie da? Ich rufe die Polizei!" Ó ní kí là ń ṣe níbẹ̀, òun ń pe ọlọ́pàá. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Àwọn aláwọ̀ dúdú ń fọ́ ilẹ̀kùn ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Ìyàwó mi sáré bá a lórí àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní, "Ja, bitte! Polizei, Feuerwehr, alle! Baby! Bitte!" Ọlọ́pàá ni o, panápaná ni o, kó ṣáà pe gbogbo wọn. Ìyá náà dákẹ́, òun náà gbọ́ ẹkún yẹn. Ó yí padà, ó sáré wọlé lọ síbi tẹlifóònù rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún. Tùńjí gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan sí i, igi rẹ̀ ya.

Ọmọ wà lọ́nà àbáwọlé nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá sì wà ní pípadé. Ìyàwó mi gbé e, ó jù ú sọ́wọ́ ìyá òyìnbó tó ti tún gòkè wá, ó ní kó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi afẹ́fẹ́. A ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Ooru rọ́ lù wá. Kò sí èéfín, kò sí òórùn kan, ògiri mọ́, kọ́tìnnì funfun nini. Yàrá tó mọ́ jù lọ ní gbogbo Berlin ni. Folúkẹ́ sì wà nílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ padé, téèpù wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ti gbìyànjú láti já a.

Mo dì í mú lábẹ́ apá, mo ń wọ́ ọ lọ sọ́nà ilẹ̀kùn, orí mi sì ti ń fò lọ́gán. Tùńjí sáré sí fèrèsé. Ó fa téèpù, kò já. Ó fa aṣọ, kò yọ. Iṣẹ́ tí a fi ọkàn kan ṣe lánàá kò gbọ́ tiwa lónìí. Mo gbọ́ tó ń kígbe, "Ọlọ́run mi! Ọlọ́run mi!" Ó gbé garawa èédú, ó fi fọ́ gíláàsì náà pátápátá. Òtútù rọ́ wọlé. Òtútù tí a ti ń sá fún láti ìgbà tí a ti dé ilẹ̀ yìí, mo ya ẹnu sí i bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Àwọn panápaná dé, wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu, wọ́n gbé ìyá àti ọmọ lọ. Ọ̀kan nínú wọn ló ṣàlàyé fún wa. Folúkẹ́ ti ilẹ̀kùn ààrò kí èédú tó jóná tán, kí ooru má baà sá lọ, nítorí ọmọ. Bí ààrò kò bá rí afẹ́fẹ́ mí, májèlé kan ló ń tú jáde, tí ojú kò rí, tí imú kò gbóòórùn. Lọ́jọ́ mìíràn, fèrèsé tó ń jò yẹn ì bá ti gbé e jáde. Folúkẹ́ sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ọmọ ń làágùn, òun wá gbé e sọ́nà àbáwọlé kí ara rẹ̀ lè tutù díẹ̀, òun sì padà wọlé láti mú ṣáálì, ni ilẹ̀ bá yí mọ́ òun lójú.

A dúró ní ọsibítù. Mufú ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Hamburg, kò sì sí ẹni tó lè pè é lójú ọ̀nà láti sọ fún un bóyá ìyàwó rẹ̀ yè. Mo rò ó wò, ọkùnrin tó jókòó nínú ọkọ̀, tó ń wo yìnyín lójú fèrèsé láìmọ ohun tó ń lọ bá. Tùńjí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tí gíláàsì ti gé e, kò jẹ́ kí wọ́n dì í. Mufú ti dé kí Folúkẹ́ tó la ojú. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnì kan péré wọlé, Mufú sì fa ìyàwó mi lọ́wọ́, àwọn méjèèjì jọ wọlé, nọ́ọ̀sì náà sì gbójú kúrò.

Ìyàwó mi ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní Folúkẹ́ wo ọkọ rẹ̀, ó béèrè ọmọ, wọ́n ní ọmọ wà láàyè, ó ń mu wàrà. Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí ìyàwó mi, ó sì fẹ́ gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú. N kò tíì rí àyè pè yín. Ẹ ṣé lánàá."

Ìyàwó mi, obìnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n ń fọ́ ilẹ̀kùn, ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé orí lé mi láyà, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó sọ fún Tùńjí, Tùńjí fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ yẹn bo ojú rẹ̀. Títí ó fi padà sí Nàìjíríà, n kò gbọ́ kí ó pe ẹnikẹ́ni ní aláìmoore mọ́. Orúkọ tí Mufú ti mú wá fún ọmọ láti Hamburg, wọ́n pa á tì. Ọpẹ́yẹmí ni wọ́n sọ ọ́.

Wọ́n ti wó àwọn ààrò yẹn lulẹ̀. Àáró náà lọ pẹ̀lú wọn, kò sí ẹni tó sọ pé kí a fi í sílẹ̀, ilé tuntun kàn ń gbà wá lọ́kọ̀ọ̀kan ni, iná kò sì pa wá pọ̀ mọ́. Ìyàwó mi kú, Bọ̀sẹ̀ ọmọ wa kó mi wá sí ìtòsí ilé rẹ̀ ní Hamburg níbí. Lónìí, ẹni tí ilé rẹ̀ bá dọ̀tí á tẹ fóònù, àjèjì á wá, á gbá a, á lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín, ẹ óò fi àwòrán àtàǹpàkò kan ránṣẹ́. Títí, má rẹ́rìn-ín, o fi ránṣẹ́ sí mi nígbà ọjọ́ ìbí rẹ. Mo wo àtàǹpàkò náà títí, n kò mọ̀ bóyá ara ẹni tó ni ín le.

Ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ẹ lọ kó àwọn kọ́tìnnì náà wá kí wọ́n má baà rún. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí kí ẹ tó dìde. Lọ́la, kí omi tíì mi tó hó, màá pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé e, bí ẹ bá tilẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, n kò ní pẹ́ lórí ìlà. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́ tí ẹ kò gbọ́ ohùn mi, ẹ má jókòó kí ẹ máa sọ pé bàbá ti gbàgbé. Ẹ máa bọ̀. Ẹ má fọ́ ilẹ̀kùn o, kọ́kọ́rọ́ ilé yìí wà lọ́wọ́ Ọpẹ́yẹmí ní Wilhelmsburg. Ẹ pè é, kí ẹ sọ fún un pé bàbá kò tíì dúpẹ́ àná. Kò ní bi yín léèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, á ti máa wá bàtà rẹ̀.